Owó Ìfiránṣẹ́ Tó Tọ́: Ẹ̀kọ́ fún Ìdílé Tó Ń Ta Ọjà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

 

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ pósíọ́fíìsì ni, ọ̀rọ̀ páálí àti téèpù. Ohun tó fà á ni pé láàárín oṣù mẹ́ta, ẹjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti rò fún wa lẹ́yìn ìsìn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì dá lórí owó tí ẹnì kan gbà láti fi ọjà ránṣẹ́. Nínú ọ̀kan, ìyá méjì tí wọ́n máa ń jókòó pọ̀ lórí àga kan náà kò kí ara wọn mọ́. Aṣọ ọmọ ọwọ́ ni ọ̀kan tà fún èkejì, £6. Owó ìfiránṣẹ́, £9. Nígbà tí ẹrù dé, iye tí wọ́n san ní pósíọ́fíìsì wà lára rẹ̀ gbangba: £3.80. Ẹni tó rà á kò sọ nǹkan kan. Ó kàn dákẹ́ ni, ẹ sì mọ irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ilé nínú ìjọ wa ló ń tajà báyìí. Léèsì tí a kò wọ̀ mọ́, bàtà tó ti kéré fún ọmọ, ìwé iléèwé, kẹ̀kẹ́ ọmọ, gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ tí èèyàn kàn ń dé bíi fìlà, òróró irun. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Owó tí àwọn kan ń rí níbẹ̀ ló ń san owó oúnjẹ ọmọ ní iléèwé. Nítorí náà, a kò kọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Kí a tó sọ ti ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a sọ tiwa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ta bàtà dúdú kan tí a rà fún iṣẹ́ wọ́ọ̀dù, tí kò bá wa lẹ́sẹ̀ mu. A kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé owó ìfiránṣẹ́ jẹ́ £7.50. Níbo ni a ti rí iye yẹn? A kò gbé bàtà náà sórí ìwọ̀n, a kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A wo ohun tí ẹlòmíràn kọ sí tirẹ̀, àwa náà kọ ọ́. Nígbà tí a dé pósíọ́fíìsì, owó tí a san kò tó £3.50. Obìnrin tó ra bàtà náà kọ̀wé sí wa pé bàtà dára, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ni £4 tó kù? A ti ní ìdáhùn lẹ́nu: a wá páálí, a wọ bọ́ọ̀sì, a tò sórí ìlà lẹ́yìn iṣẹ́ òru pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Ṣùgbọ́n inú ilé ni a ti rí páálí náà, bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ ni yóò kúkú gbé wa relé láti ibi iṣẹ́. A dá owó rẹ̀ padà. Ojú tì wá, pàápàá nítorí pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni a ka Ìwé Mímọ́ níwájú ìjọ.

Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Àkúrẹ́ mọ kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì, gàrí àti ẹ̀wà. Ó sì mọ ohun tí àwọn ọlọ́jà kan ń ṣe: wọn á fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú, kí ohun tó ń gbà lè dín kù. Iye tí wọ́n ń pè é kò yí padà. Kóńgò ló yí padà. Owó ìfiránṣẹ́ tí a bù lé kò yàtọ̀ sí i. Lójú oníbàárà, ọjà pọ́ọ́kú ni, ibi tí kò fara balẹ̀ wò ni a ti ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kí olúkúlùkù ìdílé ka Lefitiku 19, ẹsẹ 35 àti 36, àti Amosi 8, ẹsẹ 5. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ọlọ́jà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú Bíbélì.

Ọgbọ́n yìí kì í sì í ṣe tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 1995 ni Pierre Omidyar dá ilé ìtajà eBay sílẹ̀ ní Kalifóníà. (Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tà níbẹ̀ ni iná pupa kékeré kan tí wọ́n fi ń tọ́ka sí nǹkan, ó tilẹ̀ ti bàjẹ́, síbẹ̀ ẹnì kan rà á ní $14.83. Kò sí ohun tí kò ní oníbàárà.) Láìpẹ́, àwọn ọlọ́jà kan rí ihò kan: orí iye ọjà nìkan ni ilé ìtajà náà ti ń gba ìdá tirẹ̀, kì í fọwọ́ kan owó ìfiránṣẹ́. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ nìyẹn pé 99p ni ọjà, £15 ni owó ìfiránṣẹ́. Ẹni tó ń wá ọjà pọ́ọ́kú á rí 99p, inú rẹ̀ á dùn. Ní oṣù keje ọdún 2011, eBay bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdá lórí owó ìfiránṣẹ́ pẹ̀lú ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi èyí dí ihò náà. Níbikíbi tí ilé ìtajà bá ti ń gba irú ìdá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi í sínú iye ọjà, kí owó ìfiránṣẹ́ lè dúró bí ó ṣe rí.

Kí ló wà nínú owó náà gan-an? Èkíní ni iye tí ilé-iṣẹ́ akẹ́rù yóò gbà. Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹ wọn ẹrù. Àwa nọ́ọ̀sì mọ̀ pé bí ìwọ̀n ọmọ ọwọ́ bá wà lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí tí kò dúró sórí òdo kí a tó gbé ọmọ lé e, irọ́ ni yóò pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ̀n ilé ìdáná. Ẹ gbé e sórí tábìlì tó le, ẹ rí i pé ó wà ní òdo, kí ẹ tó gbé ẹrù lé e. Ẹ má ṣe wọn bàtà nìkan kí ẹ sọ pé ó tán. A kì í wọn ọmọ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ni tirẹ̀, tòun ti páálí, tòun ti téèpù ni kí ẹ gbé lé ìwọ̀n, nítorí bí pósíọ́fíìsì yóò ṣe wọ̀n ọ́n nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú téèpù tí àwọn aránṣọ fi ń wọn ara. Fún ẹrù inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, Royal Mail kì í wo ìwúwo nìkan, ó ń wo bí ẹrù ṣe tóbi tó. Ohun tí wọ́n ń pè ní Large Letter kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 35.3 ní gígùn, 25 ní fífẹ̀ àti 2.5 ní nínípọn lọ, kò sì gbọ́dọ̀ wúwo ju gíráàmù 750 lọ. Small Parcel kò gbọ́dọ̀ ju 45, 35 àti 16 lọ, kílò 2. Medium Parcel jẹ́ 61, 46 àti 46, kílò 20. Ìyàtọ̀ owó láti orí ọ̀kan sí èkejì kì í ṣe kékeré. Bùláòsì léèsì kan tí a ká dáadáa, tí a tẹ́ pẹrẹsẹ nínú àpò ọ̀rá, lè lọ gẹ́gẹ́ bíi Large Letter. Bí a bá ká bùláòsì kan náà bíi bọ́ọ̀lù, ó ti di Small Parcel. Ọwọ́ tí a fi ká aṣọ ló fi owó kún un. Ta ni yóò san án? Kò yẹ kí ó jẹ́ oníbàárà.

Gèlè tí a ti wé sílẹ̀ ló ń kó àwọn ìyá wa sí wàhálà jù. Kò wúwo. Gíráàmù 300, bóyá. Ṣùgbọ́n a kò lè tẹ̀ ẹ́, nítorí náà inú páálí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 níhà gbogbo ni yóò lọ. Níwọ̀n bí kò sí ìhà kankan tó mọ sí 16, Small Parcel kò gbà á mọ́. Bó bá wá jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ni yóò gbé e lọ sókè òkun, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ akẹ́rù, DHL Express pẹ̀lú, máa ń sọ gígùn, fífẹ̀ àti gíga di ọ̀kan, wọn á sì pín in sí 5,000. Ìlọ́po 30, 30 àti 30 jẹ́ 27,000. Ẹ pín in sí 5,000, kílò 5.4 ni. Gèlè oní gíráàmù 300 yóò san owó kílò 5.4, nítorí àyè tó gbà nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń kà. Ìyá kan nínú wa kò mọ èyí, ó gba £5 lọ́wọ́ ẹnì kan ní Kánádà, ó sì fi owó oúnjẹ ilé rẹ̀ san ìyókù. Ìyẹn náà kò tọ́. Owó ìfiránṣẹ́ tó tọ́ kì í jẹ́ kí olùtà jẹ gbèsè.

Èkejì ni owó ohun tí a fi di ẹrù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú gbígba èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á bó ṣe yẹ. Ká sọ pé a ra téèpù £2 tó gùn ní mítà 50, tí páálí kan sì ń jẹ mítà 2. Ẹrù 25 ni téèpù yìí yóò dì, nítorí náà 8p ni ti ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé páálí 20 jẹ́ £12: ọ̀kan jẹ́ 60p. Ọ̀rá tó ní afẹ́fẹ́ nínú, mítà 50 ní £10: mítà kan jẹ́ 20p. Bí ilé-iṣẹ́ akẹ́rù bá gba £4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ £4.88. Ẹni tó bá kọ £5 kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó bá kọ £9 ti ka odidi téèpù àti gbogbo páálí ilé rẹ̀ mọ́ oníbàárà kan lọ́rùn. Bí páálí bá sì jẹ́ èyí tí a rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìtajà, ọ̀fẹ́ ni kí ó jẹ́ fún oníbàárà náà.

Iṣẹ́ ọwọ́ wa ńkọ́? Àwọn kan bi wá léèrè bóyá àkókò tí a fi di ẹrù kò ní owó ni. Ó ní in. Ṣùgbọ́n èrè ni ìyẹn, inú iye ọjà sì ni èrè ń gbé. Bí bàtà bá tó £20 pẹ̀lú wàhálà yín, ẹ pè é ní £20. Ẹ má pè é ní £14 kí ẹ wá fi £6 pamọ́ sábẹ́ orúkọ pósíọ́fíìsì. Owó bọ́ọ̀sì náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé ẹrù mẹ́fà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè gba owó bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ èèyàn mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ pé ìfiránṣẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ náà gba ìrònú. Kò sí ọ̀fẹ́ ní pósíọ́fíìsì. Inú iye ọjà ni wọ́n fi í sí. Kò burú, oníbàárà rí gbogbo owó rẹ̀ lójú kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ra bùláòsì mẹ́ta pọ̀, ó ti san owó ìfiránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tó jẹ́ pé inú páálí kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ. Bùláòsì mẹ́ta oní gíráàmù 250 jẹ́ gíráàmù 750. Pẹ̀lú páálí, kò tó kílò kan, owó Small Parcel kan ṣoṣo sì ni. Bí ẹ bá ti gba £5 lọ́nà mẹ́ta, nǹkan bíi £10 tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe tiyín. Ẹ dá a padà kí ó tó bèèrè. Àwa ti rí i pé oníbàárà tí a dá owó padà fún láìbèèrè kì í lọ mọ́.

Àwọn kan máa ń gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wà ní Aberdeen nítorí pé ó jìnnà. Ẹ ṣọ́ra. Títí di ọdún 1840, bí ọ̀nà ṣe jìnnà tó àti iye abala ìwé ni wọ́n fi ń ka owó lẹ́tà ní ilẹ̀ yìí, ẹni tí lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì sábà máa ń san án. Rowland Hill ló dámọ̀ràn pé kí lẹ́tà tí kò ju ààbọ̀ áúńsì lọ máa ná pẹ́nì kan, ibi yòówù kó máa lọ. Títí di òní, iye kan náà ni Royal Mail ń gba láti London dé Croydon àti láti London dé Aberdeen. Àwọn akẹ́rù aládàáni ni wọ́n sábà máa ń fi owó kún ti òkè Scotland, àwọn erékùṣù àti Northern Ireland. Bó bá jẹ́ àwọn ni ẹ lò, ẹ gba ohun tí wọ́n gbà. Bó bá jẹ́ Royal Mail, jíjìnnà kò kan owó.

Ẹni tó bá gba owó ìdì gbọ́dọ̀ di ẹrù. Ẹnì kan nínú ìjọ gba abọ́ àjẹsára mẹ́fà tó dé ní àfọ́kù, ìwé ìròyìn ẹyọ kan ni wọ́n fi yí wọn ká. Ẹ fi ọ̀rá wé abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tò wọ́n ní ìdúró, kì í ṣe ní ìdùbúlẹ̀, ẹ sì fi ohun rírọ̀ sí ìdí, orí àti ẹ̀gbẹ́ páálí. Ẹ gbọn ọ́n. Bí ẹ bá gbọ́ ìró, ẹ tún un dì. Fún òróró irun, ẹ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwa nọ́ọ̀sì. Bí a bá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tó jìnnà, ìpele mẹ́ta ni: ìgò tó dé pinpin, ohun kejì tí omi kò lè jò kọjá, pẹ̀lú nǹkan tó lè fa omi mu láàárín méjèèjì, lẹ́yìn náà páálí tó le. Ìgò òróró tí a fi téèpù lẹ ọmọrí rẹ̀, tí a fi aṣọ ìnura bébà wé, tí a sì dì sínú ọ̀rá kí ó tó wọ páálí, kò ní ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Lọ́fíńdà ní òfin tirẹ̀: Royal Mail kì í gbé e lọ sókè òkun rárá.

Ẹ̀yin tí ó ti di òwò fún, kì í ṣe pé ẹ kàn ń ta ohun àlòkù ilé yín, ẹ mọ̀ pé òfin wà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2014, ẹni tó rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníṣòwò ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó gbà á láti yí ọkàn padà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ ọjà, oníṣòwò sì gbọ́dọ̀ dá owó ọjà padà pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ ti àkọ́kọ́, ní ìwọ̀n ọ̀nà tó pọ́ọ́kú jù tí ó fi lọ̀ ọ́. Ìyẹn ni pé £9 tí ẹ gbà lórí ìfiránṣẹ́ £4, ẹ̀yin ni yóò san án padà. Òfin ọdún 2015 sì sọ pé títí ẹrù yóò fi dé ọwọ́ oníbàárà, ọrùn oníṣòwò ló wà. Ẹ má sọ fún un pé kí ó lọ bá akẹ́rù jà. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ní pósíọ́fíìsì. Wọn kì í gba owó lórí rẹ̀, bí ẹ bá ti bèèrè.

Ti òkè òkun, ọ̀rọ̀ kúkúrú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, ọjà tó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Dublin tàbí Paris gbọ́dọ̀ ní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, CN22 tàbí CN23, wọ́n sì lè gba owó-orí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á. Amẹ́ríkà náà fòpin sí ààyè tí ọjà tí kò ju $800 lọ fi ń wọlé láìsan nǹkan ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025. Ẹ sọ èyí fún oníbàárà kí ó tó sanwó. Ẹ má sì kọ “ẹ̀bùn” sára ohun tí ẹ tà. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, àwọn oníbàárà gan-an ló ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá méjì wa. A pè wọ́n jókòó nínú yàrá ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Ẹni tó ta aṣọ náà ṣírò owó rẹ̀ lójú gbogbo wa: £3.80 ní pósíọ́fíìsì, £1.50 fún páálí tuntun, £3.70 yòókù sì jẹ́ apá kan owó tákísí, nítorí òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dání. Kò fi kọ́bọ̀ kan jèrè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó rà á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun ìbá ti wá gbé aṣọ náà fúnra òun, ó ṣe tán, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé àwọn. Owó tákísí náà kò yẹ kó wà níbẹ̀, ìyá ọlọ́mọ sì gbà bẹ́ẹ̀, ó nawọ́ £3.70 sí i. Èkejì kò gbà á. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yẹn títí tí àwọn tó ń tọ́jú ilé ìsìn fi wá pa iná.

Iṣẹ́ ṣíṣe fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́: kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tí wọ́n fẹ́ tà wá sí ìpàdé ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, pẹ̀lú páálí tí wọ́n rò pé ó bá a mu. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n rò pé ìfiránṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ sórí ìwé, kí wọ́n ká a pọ̀. Àwa yóò mú ìwọ̀n àti téèpù aránṣọ wá, a ó sì ṣí àwọn ìwé náà lẹ́yìn tí a bá wọn ẹrù tán. Ẹ má mú kẹ̀kẹ́ ọmọ wá o, ìwọ̀n wa kò gbé jù kílò 5 lọ.